Ọrọ̀ ajé ń gòkè lábẹ́ ìjọba ológun, owó oṣù ńkọ́?

Ọmọ Ọ̀lálọ́mi (Ọ̀ffà)

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Láti ìgbà tí àwọn ológun ti gba ìjọba ní Mali lọ́dún 2020, tí Burkina Faso tẹ̀ lé e ní 2022, tí Niger náà ṣe tiwọn ní 2023, mi ò lè tan rédíò láàárọ̀ kí n má gbọ́ ẹni tó máa pè wọlé pé ó yẹ kí tiwa náà padà wá. Àlàyé wọn kì í ju méjì lọ. Wọ́n á ní ayé Gowon dùn, owó wà. Wọ́n á tún ní Kòríà, Bràsíìlì, Chile, Singapore, Ṣáínà, kò sí èyí tó fi ìbò dìde nínú wọn, pé ẹni tí kò gba gbẹ̀rẹ́ ló dì í mú kí wọ́n tó rọ́wọ́ mú.

Mi ò bi yín bóyá ọrọ̀ ajé wọn gòkè. Ó gòkè, ẹ má jẹ́ ká purọ́. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé nígbà tó ń gòkè yẹn, ẹni tó ń gbálẹ̀ ilé iṣẹ́, ọmọge tó ń ránṣọ, tíṣà abúlé, ṣé owó tiwọn bá a gòkè? Àbí àwọn ọ̀gá nìkan ló gun òkè náà? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó bá wa sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú ọ̀rọ̀ PDP àti APC wọ ibí, mo bẹ̀ yín.

Ẹ-tò-sórí-ìlà (Ìlọrin)

Ọmọ Ọ̀ffà, ìjàkadì lorò yín, o ti tún gbé e dé orí ayélujára. Ọ̀rọ̀ yìí ò le. Ọmọ bíbí Ìlọrin níbí, Ìdíàgbọn, ló wà nídìí ètò tó kọ́ Nàìjíríà láti tò sórí ìlà ní 1984. Kò sí ìlú tó ń ti inú òṣì bọ̀ tí gbogbo èèyàn ẹ̀ máa là lọ́jọ́ kan náà. Àwọn kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ là, àwọn ni wọ́n á gba àwọn yòókù síṣẹ́. Park Chung-hee gba ìjọba ní Kòríà ní 1961. Nígbà tó fi máa kú ní 1979, ìlú tí kò ní nǹkan kan tẹ́lẹ̀ ti ń rọ irin, ó ti ń kan ọkọ̀ ojú omi tà fún aráyé. Tí òṣìṣẹ́ bá ń daṣẹ́ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ta ló máa gbé owó ẹ̀ wá dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀? Ìbáwí ló sọnù lọ́wọ́ wa.

Ìyá Aláta Ọjà-Ọba

Ìlà wo? Ìlà tí a tò fún mílíìkì àti ọṣẹ nígbà náà lẹ fi ń yangàn? Mo tò ó, ọmọ lẹ́yìn, oòrùn lórí. Ẹni tó bá ní èèyàn nínú báráàkì ò tò o, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń gbà.

Àdìó Tánkẹ̀

Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n Ẹ-tò, ẹ jẹ́ kí n ti Bràsíìlì bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere jù. Àwọn ológun gba ìjọba níbẹ̀ ní 1964, wọn ò sì gbé e sílẹ̀ títí di 1985. Láàrin 1968 sí 1973, ọrọ̀ ajé wọn ń fi nǹkan bí ìdá 11 nínú 100 gòkè lọ́dọọdún. Iṣẹ́ ìyanu ni àwọn fúnra wọn ń pè é. Delfim Netto ni mínísítà ètò ìnáwó. Wọ́n ní òun ló máa ń sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí kéèkì wú dáadáa ná kí wọ́n tó gé e pín. Òun fúnra ẹ̀ sẹ́ lẹ́yìn náà pé ọ̀rọ̀ yẹn ò ti ẹnu òun jáde. Ẹnu yòówù kó ti jáde, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n wá gbé ìkànìyàn 1960 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti 1970, àlàfo ti fẹ̀. Òṣùwọ̀n kan wà tí wọ́n ń pè ní Gini: tí gbogbo èèyàn bá ń gba iye kan náà, òdo ni, tí ẹnì kan ṣoṣo bá kó gbogbo ẹ̀ lọ, 1 ni. Ti Bràsíìlì gbéra láti nǹkan bí 0.50 dé nǹkan bí 0.57 láàrin ọdún mẹ́wàá yẹn. Nínú èèyàn mẹ́wàá, ẹyọ ẹnì kan tó lówó jù wá ń kó ohun tó sún mọ́ ìdajì owó tó ń wọlé fún gbogbo wọn.

Ohun tó fà á ni àwọn onímọ̀ ń bá ara wọn fà. Albert Fishlow, ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní 1972, ó sì ka owó oṣù tí ìjọba tẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́ ohun tó fà á. Carlos Langoni, ọmọ Bràsíìlì, dáhùn ní 1973 pé ilé ẹ̀kọ́ ló fà á: ilé iṣẹ́ ń pọ̀, àwọn tó kàwé ò tó nǹkan, ìyẹn ló jẹ́ kí owó àwọn tó kàwé fò kọjá ti àwọn yòókù. Òótọ́ wà nínú ti Langoni. Ṣùgbọ́n ìwé kíkà ò lè ṣàlàyé ìdí tí owó oṣù tó kéré jù fi ń ra nǹkan tó dín sí ti tẹ́lẹ̀ lọ́jà, nígbà tí ilé iṣẹ́ ń jèrè. Lẹ́yìn 1964, ìjọba ló ń ṣírò iye tí àfikún owó oṣù gbọ́dọ̀ jẹ́ lọ́dọọdún, wọ́n sì máa ń fojú kéré ọ̀wọ́n ọjà tó ń bọ̀. Tí ọjà bá wá wọ́n ju ìṣirò wọn lọ, òṣìṣẹ́ ló gbé e mì. Iye tí wọ́n kéde fún 1973 tilẹ̀ kéré sí òótọ́ pátápátá, àṣírí ẹ̀ ò sì tú títí di 1977, nígbà tí ìwádìí Báńkì Àgbáyé hàn síta. Ní oṣù karùn-ún 1978, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ní São Bernardo pa ẹ̀rọ, wọ́n jókòó tì í. Olórí ẹgbẹ́ wọn nígbà náà ni Lula, ẹni tó padà di ààrẹ.

Ẹ-tò-sórí-ìlà

Langoni ti parí ọ̀rọ̀. Ẹ lọ kàwé.

Tíṣà Àgbà (Òmù-Àrán)

Ẹ-tò, o ní ká lọ kàwé. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ níwèé ńkọ́?

Jẹ́ kí n sọ ti ayé Gowon fún yín, torí mo wà níbẹ̀. Ogun abẹ́lé parí ní oṣù kìíní 1970, epo rọ̀bì ń jáde, ọrọ̀ ajé sì gòkè lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti 1969 ni òfin ológun nọ́ńbà 53 ti sọ ìyanṣẹ́lódì di ẹ̀ṣẹ̀. Owó oṣù dúró sójú kan, oúnjẹ ń wọ́n. Wọ́n wá gbé ìgbìmọ̀ Olóyè Simeon Adebo kalẹ̀. Ohun tí ìgbìmọ̀ yẹn kọ sílẹ̀ ò ṣeé gbé mì: wọ́n ní ìyà tó ń jẹ àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti kọjá ìfaradà, ohun tó sì tún ń dá kún un ni bí àwọn kan ṣe ń fi owó tí ẹnikẹ́ni ò mọ orísun ẹ̀ ṣe fáàrí lójú wọn. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba ológun fọwọ́ ara ẹ̀ yàn ló sọ bẹ́ẹ̀ o.

Lẹ́yìn ìyẹn ni owó epo fò láti nǹkan bí dọ́là 3 sí nǹkan bí dọ́là 12 lórí àgbá kan, láàrin 1973 sí 1974. Udoji dé, àfikún owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba tí ìgbìmọ̀ Olóyè Udoji dá lábàá. Ìparí 1974 ni wọ́n kéde ẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù di ₦60, ó ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n sì ní àwọn máa kà á láti oṣù kẹrin ọdún yẹn. Ẹ wo àjẹsílẹ̀ tó máa wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo!

Ọjọ́ tí a gba owó náà, tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan ò yà sílé. Ibi tí wọ́n ti ń sanwó ló ti gba ọjà lọ, ó ra gírámáfóònù àti àwo orin. Kò ní àga nínú yàrá, àpótí tí ó ń kó ìwé sí ló gbé e lé. A jó di òru. Onílé wa ń gbọ́ ìró ẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí oṣù parí, ó wá kí wa, ó dọ̀bálẹ̀ pàápàá: "Ẹ̀yin tíṣà, ẹ kú oríire Udoji." Ó dìde, ó fi kún owó ilé. Aláṣọ fi kún tiẹ̀, ẹlẹ́ran fi kún tiẹ̀. Rédíò tí àwa fi gbọ́ ìkéde náà làwọn náà fi gbọ́ ọ. Lọ́dún 1975 yẹn, ọjà fi nǹkan bí ìdá 34 nínú 100 gbówó lórí.

Bàbá mi tó ń gbin iṣu àti kòkó kò gba Udoji. Aṣọ tó ń rà ló wọ́n. Àwọn ọmọ tó ń bá a kọ ebè sá gba Ìlọrin àti Èkó lọ ru sìmẹ́ńtì. Sìmẹ́ńtì ọ̀hún tún nìyẹn: nǹkan bí mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù ni ìjọba bu ọwọ́ lù pé kí wọ́n kó wá, ọkọ̀ ojú omi tò lọ bẹẹrẹ ní Àpápá, wọn ò ríbi já ẹrù, ìjọba sì ń san owó ìdúró fún wọn. Nígbà tí Murtala dé ní 1975 tó wádìí àwọn gómìnà ológun méjìlá, méjì péré ni wọ́n ní ọwọ́ wọn mọ́, Mobolaji Johnson ti Èkó àti Oluwole Rotimi ti Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹ má bi mí léèrè ti Kwara, ọmọ ìlú mi ni.

Ẹ-tò-sórí-ìlà

Bàbá, ẹ kú àlàyé, mo júbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ẹ jó. Ìjọba wo ló tún sọ owó tíṣà di ìlọ́po méjì láti ìgbà náà?

Tíṣà Àgbà

A jó. Ta la bá dúnàádúrà kó tó di pé a jó? Wọ́n kéde, a gbọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aládàáni tí ìkéde náà ò kàn ní tiwọn, ńṣe ni wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975, òfin 53 wà níbẹ̀ tó ń wò wọ́n. Ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá tó san nǹkan kan. Nínú gbogbo wa, àwọn nìkan ló jókòó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nípa iye tí iṣẹ́ wọn tó. Èyí tí wọ́n fún àwa, ọ̀wọ́n ọjà gbà á padà, a ò sì ní ẹnu láti béèrè òmíràn.

Tún wo ìṣirò yìí, àwọn ọmọ kíláàsì mẹ́rin lè ṣe é. Ká ní ẹnì kan ń gba 30, ẹnì kejì ń gba 300. Sọ méjèèjì di ìlọ́po méjì. Àlàfo tó jẹ́ 270 ti di 540. Gbogbo èèyàn á sì máa sọ pé ìlọ́po kan náà ni wọ́n fún wọn.

Kásúà Àtijọ́ (Asa Dam)

Mo ti ń kà á láti àárọ̀. Èmi ò dé Bràsíìlì. Ilé iṣẹ́ kan ní títì Asa Dam ni mo ti ṣiṣẹ́, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ó ti kógbá sílé. Babangida gbé SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, dé ní 1986. Ní 1985, náírà tí a fi ń gba dọ́là kan kò pé ọ̀kan. Ní 1987 ó ti di nǹkan bí mẹ́rin, ní 1990 ó di mẹ́jọ. Ìwé ìròyìn ń kọ ọ́ ní ìgbẹ̀yìn àwọn ọdún yẹn pé ọrọ̀ ajé ti ń gòkè padà, ó sì rí bẹ́ẹ̀ nínú ìwé.

Ohun tí mo rí lẹ́nu géètì nìyí. Àwọn tó ṣáájú wa síbẹ̀, òṣìṣẹ́ pátápátá ni wọ́n: wọ́n ní nọ́ńbà, wọ́n ní káàdì ilé ìwòsàn, wọ́n ń gba owó ìsinmi. Nígbà tí ó fi máa kan èmi, kásúà ni wọ́n ń gbà. Kásúà kì í wọlé bó ṣe wù ú. Ìta géètì la máa tò sí láti ìdájí, súpáfáísọ̀ á jáde, á máa nàka: ìwọ, ìwọ, ìwọ. Wọn ò fún wa ní bàtà, sílípáàsì wa la fi ń dúró ti ẹ̀rọ. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń san tiwa, lórí tábìlì kan lábẹ́ igi máńgòrò. A ó tẹ̀ka sínú ìwé, wọ́n á ka owó sí wa lọ́wọ́, kò sí pépà tó máa sọ pé o ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí. Tí ó bá ti fẹ́ pé oṣù mẹ́ta, wọ́n á ní kóo lọ sinmi díẹ̀, wọ́n á tún pè ẹ́ padà pẹ̀lú déètì tuntun. Ṣé ẹ mọ ìdí? Òfin òṣìṣẹ́ ti 1974 sọ pé kí oṣù mẹ́ta tó kọjá, ọ̀gá gbọ́dọ̀ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó to àdéhùn iṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀. Àwa ò pé oṣù mẹ́ta rí.

Ẹ̀rọ kan náà ni èmi àti ẹni tó ní nọ́ńbà jọ ń dúró tì, owó tèmi ò tó ìdajì tiẹ̀. Lókè, mánéjà tó ń mójú tó ìnáwó gba ọkọ̀ tuntun, torí wọ́n ní tí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀ báńkì á fà á lọ. Òótọ́ sì ni. Báńkì mọ́kànlélógójì (41) ló wà ní Nàìjíríà ní 1986, láàrin nǹkan bí ọdún mẹ́fà wọ́n ti sún mọ́ 120. Gbogbo ẹni tó mọ ìṣirò dọ́là ni wọ́n ń wá.

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́? Oṣù kejì 1988 ni Babangida tú ìgbìmọ̀ NLC, àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Nàìjíríà, ká, ó fi alámòójútó kan ṣoṣo síbẹ̀. Ẹni tí ọ̀gá fi síbẹ̀ á wá bá ọ̀gá jà nítorí kásúà Ìlọrin, àbí?

Àdìó Tánkẹ̀

Bàbá Kásúà, ọ̀rọ̀ Langoni àti ti Fishlow lẹ kó pọ̀ síbi kan yẹn o. Mánéjà tí báńkì fẹ́ fà lọ, Langoni nìyẹn. Ìka tí ẹ tẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, Fishlow nìyẹn.

Alábòójútó

Mo ti yọ ọ̀rọ̀ ẹnì kan kúrò tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn Ìgbómìnà. Kò sí ohun tó kan Ìgbómìnà nínú owó oṣù. Ẹ máa bá ìjíròrò lọ.

Ọmọ Ọ̀lálọ́mi

Àbúrò mi Àdìó, ṣé o lè bá wa to owó oṣù tó kéré jù ní Nàìjíríà, ká rí ti ológun àti ti alágbádá?

Àdìó Tánkẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà á. Ní 1981, ₦125. Alágbádá ni Shagari, ṣùgbọ́n NLC yan iṣẹ́ lódì ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn ká tó rí i. Ó tó nǹkan bí dọ́là 200 nígbà náà. Ológun gba ìjọba ní ìparí 1983, ₦125 náà ló sì wà níbẹ̀ títí wọ́n fi sọ ọ́ di ₦250 ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ní 1991, ₦250 yẹn kò ju nǹkan bí dọ́là 25 lọ. Ní 2000, lábẹ́ Ọbásanjọ́ alágbádá, ₦5,500 fún ìpínlẹ̀, ₦7,500 fún ìjọba àpapọ̀. Ní 2011, ₦18,000. Ní 2019, ₦30,000. Ní oṣù keje 2024, ₦70,000.

Ẹ-tò-sórí-ìlà

Ṣírò ₦70,000 yẹn sí dọ́là fún wa, kí la fi pamọ́?

Àdìó Tánkẹ̀

Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí i ní 2024, kò tó dọ́là 50. Mi ò fi pamọ́, ẹ̀gbọ́n. Ìbò nìkan ò lè fi kún owó ẹnikẹ́ni. Mo sì gbà pé ológun nìkan kọ́ ló pa ₦125: owó epo já lulẹ̀ ní 1986, kò tó dọ́là 15 lórí àgbá kan mọ́. Ohun tí mo rí nínú àkọsílẹ̀ yìí ni pé nígbà tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lè lu tábìlì, ìjọba máa ń jókòó. Lábẹ́ ológun, ọjà lọ sókè léraléra láàrin àwọn ọdún yẹn, kò sí ẹni tó lè pè wọ́n wá jókòó kí wọ́n sì wá.

Ìyá Aláta Ọjà-Ọba

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ tèmi náà. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta ló ń bá mi ta ata àti ẹlùbọ́. Tí ìjọba bá ní kí n san ₦70,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ilé ni màá kó wọn lọ, èmi náà á tẹ̀ lé wọn. Ṣé òfin yín yẹn kàn mí? Mo ń fún wọn lóúnjẹ o, mo ń san owó ọkọ̀ wọn, mo sì ń bá wọn dá àjọ.

Àdìó Tánkẹ̀

Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀, òfin 2019 yọ ẹni tí òṣìṣẹ́ ẹ̀ kò bá tó 25 sílẹ̀. Ní 1981, ẹni tí òṣìṣẹ́ ẹ̀ kò tó 50 ni wọ́n yọ. Ẹ wá gbọ́ ti ológun: bí SAP ṣe dé, ìjọba Babangida fẹ́ gbé e dé 500. Ká ní ó ṣeé ṣe ni, mélòó nínú ilé iṣẹ́ tó wà ní gbogbo Kwara ló máa ní òṣìṣẹ́ 500? NLC gbéra, wọ́n ṣe ìpolongo káàkiri, ìjọba sì fà á sẹ́yìn ní 1987. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tú NLC ká.

Ìyá Aláta Ọjà-Ọba

Àlùhámúdù lílàhì. Ìyẹn ni pé èmi àti onílé iṣẹ́ á wá di ẹgbẹ́ kan náà.

Ẹ-tò-sórí-ìlà

Ẹ ti ń sá fún Kòríà láti àárọ̀. Ẹ dá mi lóhùn lórí Kòríà.

Ọmọ Òkè-Onígbìn (Incheon)

Èmi ni kí n dá yín lóhùn, ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ ni mo wà báyìí. Ẹ jàre ní apá kan. Owó oṣù gòkè ní ayé Park, àlàfo wọn kò sì fẹ̀ tó ti Bràsíìlì. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí Park tó dé. Ní 1950, wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ ńlá, wọ́n pín in fún àwọn tó ń ro ó, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní ju nǹkan bí hẹ́kítà mẹ́ta lọ. Nígbà tí 1960 fi máa dé, ọmọ tó pọ̀ jù ló ti wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń wáṣẹ́ lọ sí Seoul ní ilẹ̀ lábúlé, ó sì mọ̀wé kà. Ẹ fi wé àwọn ọmọ tó sá fi ebè bàbá Tíṣà sílẹ̀.

Ìkejì, ẹ lọ wo ọjà aṣọ Pyeonghwa ní Seoul. Àwọn ọmọbìnrin kéékèèké ló ń ránṣọ níbẹ̀, nínú àjà tó kéré débi pé àgbàlagbà ò lè nàró, láti òwúrọ̀ di alẹ́ pátápátá. Òfin òṣìṣẹ́ wà lórí ìwé láti 1953, kò sẹ́ni tó ń tẹ̀ lé e. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Jeon Tae-il, ẹni ọdún 22, kọ lẹ́tà, ó lọ bá òṣìṣẹ́ ìjọba, wọn ò dá a lóhùn. Ní ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá 1970, ó dáná sun ara ẹ̀ níwájú ọjà, ó ń pariwo pé kí wọ́n tẹ̀ lé òfin. Ó kú. Owó tí obìnrin ń gbà ní ilé iṣẹ́ nígbà náà kò tó ìdajì ti ọkùnrin. Ìdàgbàsókè tí ẹ ń wí yẹn, ọwọ́ àwọn ọmọbìnrin yẹn ló ti jáde: aṣọ, irun àtọwọ́dá, bàtà, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà sókè òkun.

Ìgbà tí ìyàtọ̀ ńlá dé ni 1987. Oṣù kẹfà ọdún yẹn, aráàlú jáde, ìjọba gbà pé wọ́n á dìbò yan ààrẹ. Láti oṣù keje dé oṣù kẹsàn-án, ìyanṣẹ́lódì tó lé ní 3,000 ló ṣẹlẹ̀. Owó oṣù fò fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ẹ̀, àlàfo tó wà láàrin òṣìṣẹ́ pẹ̀lú òṣìṣẹ́ sì dín kù títí wọ inú àwọn ọdún 1990. Ilé iṣẹ́ wọn ò kú o. Ṣé ẹ ń rí ọkọ̀ wọn ní Ìlọrin?

Ẹ-tò-sórí-ìlà

Mo ń rí i. Park ló kọ́ ilé iṣẹ́ tí wọ́n rí daṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọmọ Òkè-Onígbìn (Incheon)

Òótọ́ ni, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n Babangida ńkọ́, èwo ló kọ́ sí Asa Dam?

Tíṣà Àgbà

Mo fẹ́ fi ti Chile kún un, torí ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì kàn mí. Pinochet gba ìjọba ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 1973. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Chicago ló ń gbà á nímọ̀ràn. Ní 1981, wọ́n gba owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n fi í sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ aládàáni: kí olúkúlùkù máa tọ́jú tiẹ̀, bí ọjà bá ṣe rí ni owó ẹ̀ á ṣe rí. Wọ́n ní ètò náà dára lọ́pọ̀lọpọ̀. Ṣé ẹ mọ àwọn tí wọ́n yọ sílẹ̀? Àwọn ṣójà àti ọlọ́pàá. Àwọn dúró sínú ètò àtijọ́ tiwọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọrọ̀ ajé Chile já wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 14 nínú 100, ìjọba tó ní ọjà ló mọ̀ jù sì tún gba àwọn báńkì tó ń kú sọ́wọ́.

Tiwa náà ṣe ètò ìfẹ̀yìntì tó jọ ọ́ ní 2004, kóówá máa dá tiẹ̀ jọ. Alágbádá ló ṣe é. Ní 2011, wọ́n yọ àwọn ṣójà kúrò nínú ẹ̀. Ẹni tó mọ bí oúnjẹ ṣe dùn sí kì í fi tiẹ̀ sílẹ̀ fún ọjà.

Ẹ-tò-sórí-ìlà

Bàbá, ẹ̀yin náà mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi ṣójà sílẹ̀. Lee Kuan Yew kì í ṣe ṣójà, ọwọ́ ẹ̀ sì le. Ní 1972, Singapore dá ìgbìmọ̀ owó oṣù sílẹ̀: ìjọba, àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jọ jókòó. Láti 1979, ìgbìmọ̀ yẹn mọ̀ọ́mọ̀ gbé owó oṣù sókè kí àwọn ilé iṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú lè kúrò nílẹ̀. Ìyẹn ńkọ́?

Kásúà Àtijọ́

Ìwọ fúnra ẹ lo sọ ọ́: ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní àga níbẹ̀. Ẹgbẹ́ tó sún mọ́ ìjọba ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní àga.

Ẹ-tò-sórí-ìlà

Ó dáa. Alágbára tó máa fi àga sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ni mò ń fẹ́ nígbà náà.

Kásúà Àtijọ́

Bá mi wá a nínú àwọn tiwa. Gowon, òfin 53, 1969. Buhari àti ọmọ Ìlọrin wa, wọ́n lé òṣìṣẹ́ ìjọba rẹpẹtẹ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì fòfin de ẹgbẹ́ àwọn dókítà ní 1985 nítorí pé wọ́n yan iṣẹ́ lódì. Babangida, 1988. Abacha tú NLC ká ní oṣù kẹjọ 1994, ó tú NUPENG àti PENGASSAN, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ epo rọ̀bì, mọ́ ọn, ó sì ti Frank Kokori, akọ̀wé àgbà NUPENG, mọ́lé. Èwo ló fi àga sílẹ̀ nínú wọn?

Ìyá Aláta Ọjà-Ọba

Ẹ-tò, ọmọ mi, dáhùn, gbogbo wa ń dúró.

Ẹ-tò-sórí-ìlà

Mò ń bọ̀, Ìyá. NEPA ti mú iná lọ, fóònù mi ti kú tán. Ti Ṣáínà ni màá fi wọlé lọ́la, kí Àdìó múra sílẹ̀.

Àdìó Tánkẹ̀

Ẹ gbé e wá, ẹ̀gbọ́n. Ti Ṣáínà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé ìwé ibùgbé wọn fún wa pẹ̀lú, èyí tó jẹ́ kí ọmọ abúlé tó ń ṣiṣẹ́ nígboro fún ọ̀pọ̀ ọdún má ní ẹ̀tọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn ìgboro yẹn bíi ti onílé.